Malbec ti Cahors àti Malbec ti Mendoza: èwo ni kí ẹ gbé?

Ẹ mú ìgò wáìnì pupa méjì lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù. Ara ìkíní kọ “Cahors” gàdàgbà, kò dárúkọ èso kankan. Ara èkejì kọ “Malbec”, ó fi “Mendoza” sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọtí méjì tí kò bára tan ni. Èso àjàrà kan náà, Malbec, ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ ọ̀hún sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ra Cahors nígbà tó ń retí Mendoza á fi máa bi ọlọ́jà pé ṣé ọtí yìí kò tíì bàjẹ́ báyìí.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àwo kí ẹ tó wo owó orí ìgò. Cahors ń fẹ́ ẹran ọlọ́ràá, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Mendoza ṣeé mu pẹ̀lú àwo òfìfo, ẹ lè ṣí i kí ẹ sì mu ún lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá mọ èyí nìkan, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àṣìṣe.

| | Cahors | Mendoza |
|---|---|---|
| Ibi tó wà | Gúúsù-ìwọ̀ oòrùn Faransé, ẹ̀bá odò Lot | Ìwọ̀ oòrùn Ajẹntínà, ẹsẹ̀ òkè Andes |
| Gíga ilẹ̀ | bíi 100 sí 350 mítà | bíi 600 sí 1,500 mítà |
| Òjò lọ́dún | ó lé ní 700 mílímítà | bíi 200 mílímítà |
| Ìkórè | Sẹ́tẹ́ńbà sí Òkítóbà | Máàṣì sí Épírì |
| Malbec inú rẹ̀ | 70% ó kéré tán | sábà 85% sí 100% |
| Agbára ọtí | 12.5% sí 14% | 13.5% sí 15% |
| Afẹ́fẹ́ kí a tó mu ún | wákàtí 1 sí 2 | ìṣẹ́jú 20, tàbí kò nílò |
| Ìtutù nínú gíláàsì | 16 sí 18°C | 15 sí 17°C |

Ẹ kíyè sí ìlà ìkórè yẹn. Nígbà tí wọ́n ń ká èso ní Mendoza, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Cahors ni. Nítorí náà, bí ìgò méjèèjì bá tilẹ̀ kọ 2022, ti Mendoza fi bí oṣù mẹ́fà dàgbà ju èkejì lọ.

Èso náà fúnra rẹ̀

Ní Cahors, Côt tàbí Auxerrois ni àwọn àgbẹ̀ ń pe Malbec. (Auxerrois mìíràn wà ní Alsace tó jẹ́ èso funfun. Kò bá èyí tan rárá, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.) Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Prunelard àti Magdeleine Noire des Charentes ló bí i. Magdeleine yìí kan náà wà lára òbí Merlot, èso àjàrà pupa mìíràn, èyí tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ni Merlot tí wọ́n máa ń pò mọ́ Malbec ní Cahors.

Èso ẹlẹgẹ́ ni Malbec. Bí òtútù tàbí òjò bá bá a nígbà tó ń yọ òdòdó, òdòdó á rẹ̀ dànù láìdi èso, ṣírí á wá fọ́n bí eyín arúgbó, hóró kan níhìn-ín, àlàfo lọ́hùn-ún. Coulure ni àwọn Faransé ń pe àrùn yìí. Òtútù líle pàápàá lè pa igi rẹ̀ láti orí dé gbòǹgbò, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Fẹ́búárì 1956 nìyẹn, nígbà tí òtútù pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àjàrà Cahors. Ní Bordeaux, agbègbè wáìnì ńlá Faransé kan tí ìjàǹbá kan náà dé, àwọn àgbẹ̀ fi Merlot dípò púpọ̀ nínú Malbec wọn. Àwọn ará Cahors tún Malbec gbìn, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ AOC, èyí tí Faransé fi ń dáàbò bo orúkọ agbègbè ọtí, ní 1971. Wáìnì pupa nìkan ni ìwé àṣẹ yẹn wà fún: Malbec kò gbọdọ̀ dín ní 70%, Merlot àti èso pupa mìíràn tó ń jẹ́ Tannat ló lè jókòó sórí 30% tó kù. Merlot ń mú un rọ̀, Tannat ń mú un le sí i.

Ti Ajẹntínà, 1853 ni. Michel Aimé Pouget, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Faransé, gbé ẹ̀ka àjàrà lọ sí Mendoza, Malbec sì wà lára wọn. Domingo Faustino Sarmiento, tó di ààrẹ Ajẹntínà lẹ́yìn náà, ló ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ìgbà yẹn, kòkòrò phylloxera tó jẹ gbòǹgbò àjàrà Yúróòpù run kò tíì dé Faransé. Ohun tó lọ sí Mendoza jẹ́ ìran àtijọ́, ọ̀pọ̀ ló sì dúró sórí gbòǹgbò ara rẹ̀ títí di òní, nígbà tí àwọn ti Cahors ní láti jókòó sórí kùkùté àjàrà Amẹ́ríkà kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n.

Cahors: bí ilẹ̀ ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ọtí ń le

Odò Lot ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò láti ìlú Cahors lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó gba Luzech, Parnac, Albas, Prayssac dé Puy-l'Évêque. Ilẹ̀ ẹ̀bá rẹ̀ tò bí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tó súnmọ́ odò jẹ́ iyanrìn àti ẹrẹ̀ ọlọ́ràá: ọtí ibẹ̀ fúyẹ́, ó ń rùn bí èso tútù, ẹ lè mu ún láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn àtẹ̀gùn òkè jẹ́ taàrá àti amọ̀, omi kì í dúró, gbòǹgbò ní láti wá a lọ sí ìsàlẹ̀. Ọtí ibẹ̀ ki, ó sì pẹ́ kó tó gbó.

Lókè pátápátá ni causse wà, pẹpẹ ilẹ̀ òkúta ẹfun tó ga tó bíi 300 mítà. Ibẹ̀ tutù ju àfonífojì lọ, èso ń pẹ́ kó tó pọ́n, kíkan rẹ̀ sì máa ń kù nínú ọtí. Ìgò causse tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lè fún ẹnu yín pọ̀. Bó bá pé ọdún mẹ́wàá, ó máa ń rùn bí tábà, awọ àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bí ẹ bá rí “causse” tàbí “plateau” lára ìgò, kì í ṣe ti mímu lálẹ́ òní.

“Wáìnì dúdú” ni wọ́n ń pe ọtí Cahors láyé àtijọ́. Bordeaux ló wà lẹ́nu omi, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọtí àwọn ará òkè odò kọjá títí wọn yóò fi ta tiwọn tán. Àǹfààní ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn kò kúrò lọ́wọ́ wọn títí di 1776.

Mendoza: oòrùn, yìnyín òkè àti odò ọwọ́

Aṣálẹ̀ ni Mendoza. Bí kì í bá ṣe yìnyín tó ń yọ́ lórí Andes, kò sí àjàrà níbẹ̀. Àwọn Huarpe, onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń la odò kéékèèké láti darí omi kí àwọn ará Sípéènì tó dé, odò ọwọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní acequia, sì ṣì ń ṣàn lẹ́bàá títì ìlú títí di òní. Nítorí pé òjò kò tó nǹkan, àrùn ewé kò pọ̀, àgbẹ̀ ló sì ń pinnu iye omi tí igi yóò mu. Ibẹ̀ gan-an ni ọtí pọ́ọ́kú ti ń yà kúrò lára ọtí gidi: ẹni tó bá bu omi fún igi yàlàyàlà á kórè púpọ̀, hóró á wú, ọtí á sì ṣàn bí omi ṣúgà. Ẹni tó bá há omi fún un, hóró á kéré, èèpo á nípọn, ọtí á ki.

Ọ̀tá wọn ni òjò yìnyín. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó lè lu oko kan di ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọ̀n tó bo ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà ibẹ̀. Owó àwọ̀n wà lára owó ìgò.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ní Mendoza ni gíga ilẹ̀. Bí ẹ bá gòkè ní 100 mítà, ooru á dín ní nǹkan bí 0.6°C. Ẹ fi ìyẹn wo àwọn agbègbè wọ̀nyí. Apá ìlà oòrùn (San Martín, Rivadavia, Junín) wà ní 600 sí 700 mítà: ó gbóná, èso rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgò tó kọ “Mendoza” lásán ti ń wá. Luján de Cuyo wà ní bíi 800 sí 1,100 mítà. Agrelo, Perdriel, Vistalba àti Las Compuertas wà lábẹ́ rẹ̀, igi àgbà pọ̀ níbẹ̀, ọtí rẹ̀ sì kún ẹnu, ó rọ̀ bí òrí. Lẹ́yìn náà ni Valle de Uco, láti bíi 900 mítà dé 1,500, níbi tí Gualtallary, Paraje Altamira, Los Chacayes àti San Pablo wà. Ọ̀sán ibẹ̀ ń ta, òru rẹ̀ tutù. Òru tútù yìí ni kì í jẹ́ kí kíkan èso lọ tán, oòrùn òkè sì ń mú èèpo nípọn, àwọ̀ á sì dúdú. Lójú tiwa, ìgò Uco ló súnmọ́ Cahors jù nínú gbogbo ti Mendoza. Òun ni kí ẹni tó ti mọ Malbec rírọ̀ kọ́kọ́ gbà lọ kó tó dé Cahors gan-an.

Ẹ tún máa rí Malbec Salta láti àríwá Ajẹntínà, láti Cafayate tó wà ní bíi 1,700 mítà. Ọtí rẹ̀ lágbára, ó sì ń ta bí ata gbígbẹ. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti Mendoza, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Nínú gíláàsì

Ẹ da díẹ̀ sínú gíláàsì méjì, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà funfun. Àárín méjèèjì dúdú. Etí ni kí ẹ wò. Ti Mendoza tó ṣì kéré máa ń jẹ́ elésè àlùkò tó ń dán. Ti Cahors tó ti lo ọdún díẹ̀ á ti máa lọ sí àwọ̀ bíríkì.

Ní ti òórùn, Mendoza máa ń rùn bíi plọ́ọ̀mù tó pọ́n dáadáa, bí òdòdó fáyólẹ́ẹ̀tì, àti bíi ṣokoléètì tàbí fàńílà bí ó bá wọ àgbá igi óákù tuntun. Cahors máa ń rùn bíi plọ́ọ̀mù tí kò pọ́n jù, ewé tábà, àti irin.

Lẹ́nu ni ìjà wà. Táníìnì ni ohun inú èèpo àti kóró àjàrà tó ń mú ẹnu gbẹ. Ẹni tó bá ti jẹ kajú tí kò pọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ti Cahors ń fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ahọ́n. Ti Mendoza wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí aṣọ tí a ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní ti kíkan, ẹ rántí àgbálùmọ̀: Cahors dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, Mendoza ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dà bí èyí tó ti rọ̀ jù. Ti Uco wà láàárín.

Oúnjẹ ló máa yàn fún yín

Ọ̀rá àti èròjà inú ẹran máa ń so mọ́ táníìnì, ìdí nìyẹn tí Cahors tó ń fún ẹnu fi máa ń rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹ bá ti gbé ẹran ọlọ́ràá mì. Àwọn ará ibẹ̀ kò wádìí rẹ̀ nínú ìwé. Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ọ̀rá ara rẹ̀ sè títí á fi já, àyà pẹ́pẹ́yẹ yíyan, ọ̀dọ́ àgùntàn Quercy (agbègbè tí Cahors wà), àti cassoulet, ìyẹn ẹ̀wà funfun tí wọ́n sè pẹ̀lú sọ́séèjì àti pẹ́pẹ́yẹ fún wákàtí púpọ̀, ni wọ́n ń jẹ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgò tó ti gbó ń bá olú dúdú Lalbenque, tí wọ́n ń pè ní truffle, rìn.

Mendoza jẹ́ ti asado, ẹran yíyan àwọn ará Ajẹntínà: ìhà màlúù, sọ́séèjì àti ìfun lórí ẹyin iná, iyọ̀ nìkan lára. Bí ẹ bá fi chimichurri sí i, ẹ yan èyí tí kò wọ àgbá tuntun, nítorí ọtí kíkan àti áyù inú ọbẹ̀ yẹn máa ń mú òórùn fàńílà dà bí ohun tó ṣìnà. Ó tún bá empanada ẹran (bíi míìtì-páì) mu.

Fún ẹni tí ata wà nínú oúnjẹ rẹ̀, àlàyé ọ̀tọ̀ ni. Agbára ọtí ń ru ata sókè, táníìnì sì ń mú un ta ẹnu sí i. Nítorí náà ẹ má fi Cahors tó ṣì kéré tàbí Malbec 15% jẹ àsun. Ẹ yan Mendoza tí kò kọjá 13.5%, tí kò wọ àgbá, ẹ jẹ́ kó tutù dé 14 tàbí 15°C. Sùúyà màlúù bá a lọ dáadáa, torí ẹ̀pà inú yájì àti ọ̀rá ẹran ń ràn án lọ́wọ́. Ọbẹ̀ tí irú àti ẹja gbígbẹ pọ̀ nínú rẹ̀ le jù lọ: adùn jíjìn tó wà nínú irú máa ń jẹ́ kí táníìnì korò. Níbẹ̀, ẹ gbé Cahors sílẹ̀ pátápátá. Ẹja ọlọ́ràá bíi títúsì náà kì í bá ọ̀kankan nínú méjèèjì ṣe. Á fi ìtọ́wò irin sílẹ̀ lẹ́nu. Oúnjẹ aládídùn pẹ̀lú: ṣúgà inú àwo á jẹ́ kí ọtí kan.

Ohun tí ìwé ara ìgò ń sọ, àti ohun tí kì í sọ

Ìgò Cahors mìíràn kò ní kọ Malbec síbì kankan. Orúkọ ìlú ti tó fún wọn. Bí ẹ bá rí “Côtes du Lot”, agbègbè kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò le tó ti Cahors, ó sì lè jẹ́ funfun tàbí rósè. “Malbec Pays d'Oc” kì í ṣe Cahors rárá.

Ní Ajẹntínà, “Reserva” lórí wáìnì pupa túmọ̀ sí pé ó ti gbó fún oṣù 12 ó kéré tán, “Gran Reserva” sì jẹ́ oṣù 24. Kò sọ ohunkóhun nípa gíga oko. Nítorí náà, bí ìgò méjì bá jẹ́ iye kan náà, tí ọ̀kan kọ “Reserva, Mendoza”, tí èkejì kọ “Paraje Altamira” láìsí Reserva, èkejì ni kí ẹ gbé. Ẹni tó kọ orúkọ oko sára ìgò ní ohun tó fẹ́ fi hàn yín.

Ìgò wúwo kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìgò òfìfo tó tó kílò kan wà, owó gíláàsì àti owó ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ń san.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Ooru ló ń ba ọ̀pọ̀ jù lọ jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ìgò tó dúró sínú oòrùn tàbí nínú kọ̀ǹtéénà gbígbóná, ọtí inú rẹ̀ á wú, á ti kọ́ọ̀kì sókè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò kan orí ìgò: bí kọ́ọ̀kì bá yọ ju etí lọ, tàbí bí ọrùn ìgò bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá ti ṣí i, òórùn jáàmù tó jóná ni yóò máa rùn. Èyí tí àrùn kọ́ọ̀kì mú ń rùn bíi páálí tí òjò pa, afẹ́fẹ́ kì í sì í wò ó sàn.

“Bí yàrá ṣe gbóná” tí àwọn Òyìnbó ń sọ nípa wáìnì pupa, yàrá àtijọ́ tó wà ní 17°C ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe pálọ̀ Ìbàdàn ní oṣù Máàṣì. Láti 30°C, ẹ fi ìgò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti yìnyín fún bí ìṣẹ́jú 12, tàbí sínú fíríìjì fún bí wákàtí kan. Bí ó bá gbóná ju 20°C, agbára ọtí nìkan ni imú yóò gbọ́. Bí ó bá sì tutù bíi bíà, táníìnì Cahors á le bí igi.

Cahors tó ṣì kéré, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì tó fẹ̀ nídìí, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì. Ṣíṣí kọ́ọ̀kì nìkan kí ìgò sì dúró lásán kò ṣe nǹkan kan, ọrùn ìgò kéré jù fún afẹ́fẹ́. Èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ìdàkejì ni: ẹ nà án ró lọ́jọ́ kan ṣáájú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ rọra dà á, ẹ dúró nígbà tí ẹ bá rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́rùn ìgò, kí ẹ sì mu ún láìpẹ́. Ìgò 75 sẹ̀ǹtílítà á ṣe gíláàsì márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ má bu gíláàsì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, kí òórùn lè ní ibi tí yóò dúró sí.

Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e padà, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kò burú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ti Mendoza rírọ̀ á ti máa ṣáá lọ́jọ́ kejì. Cahors kékeré tó fún ẹnu yín pọ̀ lálẹ́ àná, ẹ tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kejì kí ẹ tó dà á sínú ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń dára jù.